Ta ló borí ní Kúbà lọ́dún 1962? Ìwé ọmọ mi ní Kennedy ni, èmi ò gbà

Àkàndé Òkè-Àdó (ló dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi tó ń múra ìdánwò bi mí lálẹ́ àná pé ta ló borí nínú wàhálà tó ṣẹlẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì lórí Kúbà. Mo ní kó ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ sí mi létí. Gbólóhùn méjì péré ló kà: Ààrẹ Kennedy dúró gbọn-in, Khrushchev tó jẹ́ olórí Sófíẹ́ẹ̀tì rí i pé apá òun ò ká a, ó kó mísáìlì rẹ̀ lọ sílé. Ó parí.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ nípa rẹ̀: ní 14 oṣù kẹwàá 1962, bàálù amí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní U-2 fò kọjá lókè ìwọ̀ oòrùn Kúbà, ó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ San Cristóbal. Mísáìlì Sófíẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rí nínú fọ́tò yẹn, irú èyí tó lè gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì dé Washington. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n fi han Kennedy. Ọjọ́ kejìlélógún ló bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun máa fi ọkọ̀ ogun dínà òkun Kúbà kí ohun ìjà má baà wọlé mọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni Rédíò Moscow kéde pé wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ohun tí ìwé ọmọ mi ò sọ rèé. Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Robert Kennedy tó jẹ́ àbúrò Ààrẹ pe Dobrynin, aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì, sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ fún un pé mísáìlì Jupiter tí Amẹ́ríkà gbé sí Túrkì, ní ẹnu ọ̀nà Sófíẹ́ẹ̀tì, máa kúrò láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Kí oṣù kẹrin 1963 tó parí, wọ́n ti tú gbogbo wọn palẹ̀. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó jẹ́wọ́ ní gbangba.

Ẹni tó gbà tó sì fún, ṣé òun là ń pè ní olúborí? Èmi gbà pé ohun tó gba ayé là lọ́sẹ̀ náà ni pé àwọn méjèèjì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹnì kejì lè fẹ̀yìn rìn láìtẹ́. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Àkàndé, o ṣeun tó o gbé e wá síbí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú ìwé tí ò ń sọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí fọ́tò U-2, bí ẹni pé Khrushchev kàn jí lọ́jọ́ kan ló ní kí wọ́n gbé mísáìlì wọ erékùṣù ẹlòmíràn.

Bẹ̀rẹ̀ fún un láti oṣù kẹrin 1961. Ìjọba Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 1,400 ọmọ Kúbà tó ti sá kúrò nílé jọ, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ogun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí etí òkun Bay of Pigs kí wọ́n lọ lé Castro, olórí Kúbà, kúrò. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọwọ́ fi tẹ̀ wọ́n. Látìgbà náà ni Castro ti mọ̀ pé wọ́n ṣì máa padà wá. Ẹni tí wọ́n ti dá lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ṣé a lè bá a wí pé ó wá alábàárìn?

Ohun kejì wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní 27 oṣù kẹwàá 1961, ọdún kan géérégé ṣáájú Sátidé tí ò ń sọ yẹn, ọkọ̀ ogun onírin Amẹ́ríkà àti ti Sófíẹ́ẹ̀tì dojú ìbọn kọ ara wọn ní Checkpoint Charlie, ẹnu ibodè tó wà láàárín ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ìlú Berlin. Ẹni tó bá ju òkúta láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kennedy ránṣẹ́ sí Khrushchev lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì kan fà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà márùn-ún, ó dúró. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ti Amẹ́ríkà kan náà fà sẹ́yìn. Òmíràn fà, òmíràn fà, títí ojú ọ̀nà fi mọ́. Bí mo bá ti ṣe é fún wọn báyìí lórí tábìlì pẹ̀lú páálí ìṣáná, kò sí ọmọ tó ń gbàgbé.

Lánre Agége

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Mísáìlì Jupiter ti di àlòkù nígbà náà. Orí ilẹ̀ gbalasa ló wà, ìbọn lásán lè bà á jẹ́, Amẹ́ríkà sì ti ní ọkọ̀ abẹ́ omi Polaris tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí kò wúlò mọ́ ni Kennedy fi gba ohun tó wúlò. Khrushchev ńkọ́? Nínú oṣù kẹwàá 1964 làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ nípò, ọ̀rọ̀ Kúbà sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá kó ẹrù rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, tí ẹnì kejì sì kó tirẹ̀ lóru, ẹni tó kó tirẹ̀ lójú ayé ló fìdí rẹmi.

Àkàndé Òkè-Àdó

Lánre, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ nípa Jupiter. Ṣùgbọ́n wo ohun tí Khrushchev kọ sí Kennedy lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní kí àwọn méjèèjì má ṣe máa fa okùn tí wọ́n ti ta kókó ogun sí láàárín, torí bí wọ́n bá ṣe ń fà á tó ni kókó náà á ṣe máa le tó, títí yóò fi dé ibi tí ẹni tó ta á gan-an ò ní lágbára láti tú u mọ́, àfi kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ó ní ohun tí gígé yẹn túmọ̀ sí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ àlàyé. Ẹni tó bá ti so ẹran mọ́lẹ̀ rí mọ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin yìí ti la ogun Jámánì kọjá, ó wà ní Stalingrad. Ẹ̀rù tó wà nínú lẹ́tà yẹn jinlẹ̀ ju ẹ̀rù kí n máa pàdánù ipò mi lọ.

Lẹ́tà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí méjìlá kó tó dé ọwọ́ Washington tán! Ayé fẹ́ parun, ìwé ń rìn bí ìgbín.

Àbẹ̀kẹ́ Hialeah

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìtòsí Miami ni mò ń gbé, àwọn ará Kúbà ló yí mi ká. Aládùúgbò mi kan, màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ àgbègbè Sagua la Grande ni. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ri mísáìlì mọ́ nìyẹn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí ní èdè Spanish lórí fáráńdà, ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní ọmọdé lòun, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣí fèrèsé bí wọ́n bá gbọ́ ariwo ọkọ̀ lóru. Òun ṣí i lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí kọ́nà ló rí, wọ́n fi tapólì bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin pupa tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán bí àgbẹ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rìn. Wọn ò fọhùn. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ wọn ló bà òun lẹ́rù.

Ẹ gbọ́ èyí. Kí wọ́n tó kó nǹkan wọ̀nyẹn wá, ọ̀gágun kan láti Moscow tó ń jẹ́ Biryuzov lọ yẹ Kúbà wò. Ó padà lọ sọ fún Khrushchev pé igi ọ̀pẹ ibẹ̀ máa bo mísáìlì náà mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí i. Ọ̀pẹ! Màmá yìí rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Irú ọ̀pẹ tó pọ̀ níbẹ̀, palma real, ìdí rẹ̀ funfun, ó rí gbọọrọ, kò lẹ́ka, ewé rẹ̀ wà lókè téńté. Kò lè bo ewúrẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn wa níbẹ̀, àwọn Lukumí, Changó ló ni igi náà, Ṣàngó tiwa yìí, torí pé òun ni àrá máa ń yàn sán lù. Màmá ní ìyá òun sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé àwọn àlejò yìí kó iná wá fi pamọ́ sílé oníná.

Atukọ̀ Àpápá

Àbẹ̀kẹ́, o bá mi dé ibi tí mo fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ooru ni tèmi.

Ọdún méjìdínlógún ni mo lò nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Ẹni tí kò bá tíì wà níbẹ̀ rí nígbà tí fáànù kú, kò lè mọ ohun tí ooru ń fi ọgbọ́n orí ènìyàn ṣe. Òógùn á kọ́kọ́ máa da bí òjò. Tó bá yá, kò ní dà mọ́, ara á gbẹ, ahọ́n á wúwo. Ìbínú á wá dé, tí wàá máa wo ojú ẹnìkejì rẹ tí kò ṣẹ̀ ọ́, tí ọwọ́ á máa yún ọ.

Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi mẹ́rin ni Sófíẹ́ẹ̀tì rán sí Kúbà ní 1 oṣù kẹwàá. Òkun òtútù àríwá ni wọ́n kàn wọ́n fún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé tọ̀pídò kan tó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì lórí, Amẹ́ríkà ò sì mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ká ọ̀kan nínú wọn mọ́, B-59 lorúkọ rẹ̀, wọ́n ń ju àdó kéékèèké sínú omi kó lè gbérí. Amẹ́ríkà ti sọ fún Moscow tẹ́lẹ̀ pé àmì lásán nìyẹn, àmọ́ ìròyìn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ omi. Bátìrì wọn ń kú lọ. Ooru inú ọkọ̀ ti kọjá ìwọ̀n 45, omi mímu ti di ìwọ̀nba. Vadim Orlov, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ní ó dà bí ẹni tó jókòó sínú àgbá irin tí wọ́n ń fi òòlù lu láti ìta.

Orlov ní ọ̀gá ọkọ̀, Savitsky, fárígá, ó ní ogun ti bẹ́ lókè nìyẹn, kí wọ́n múra tọ̀pídò náà. Vasily Arkhipov, tó wà nínú ọkọ̀ kan náà gẹ́gẹ́ bí olórí òṣìṣẹ́ fún gbogbo ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló rọ̀ ọ́ títí inú rẹ̀ fi rọ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n sì yísẹ̀ padà sílé.

Ẹ má gbàgbé pé Arkhipov yìí ti wà nínú K-19 ní oṣù keje 1961, nígbà tí ẹ̀rọ átọ́míìkì ọkọ̀ náà bàjẹ́ lójú agbami. Mẹ́jọ nínú àwọn tó kópa nínú títún un ṣe ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ti rí ohun tí nǹkan yẹn ń sọ ara ènìyàn dà. Àwa òṣìṣẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ni kì í pariwo.

Wádìí-Dájú

Atukọ̀, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí ọmọ Àkàndé má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò bí òkodoro. Ẹnu Orlov nìkan ni ọ̀rọ̀ tí Savitsky sọ yẹn ti jáde, lẹ́yìn ogójì ọdún, lọ́dún 2002. Lára àwọn ọ̀gá tó wà nínú ìrìn-àjò náà, àwọn kan ò gbà pé ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pé ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, pé tọ̀pídò náà wà nínú rẹ̀, pé wọ́n ju àdó lù ú, kò sí iyàn nínú ìyẹn.

Méjì mìíràn wà lọ́jọ́ kan náà tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn. Sójà Sófíẹ́ẹ̀tì ní Kúbà yìnbọn mísáìlì lu U-2 kan ní Banes, awakọ̀ rẹ̀, Rudolf Anderson, kú. Moscow kọ́ ló pàṣẹ, àwọn ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ ló dá a ṣe. Lápá òkè ayé, U-2 mìíràn tí Charles Maultsby ń wà láti Alaska lọ gba afẹ́fẹ́ tí bọ́ǹbù àdánwò ti sọ di eléèérí. Ìmọ́lẹ̀ àríwá ojú ọ̀run kò jẹ́ kó rí ìràwọ̀ tó fi ń mọ̀nà, ó ṣìnà wọ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, bàálù ogun wọn gbéra láti lé e. Epo rẹ̀ tán lójú ọ̀run, ó kàn ń léfòó bọ̀ wálé ni. Kennedy ò rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀, Khrushchev náà ò pàṣẹ Banes. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó lágbára jù láyé méjèèjì, okùn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Atukọ̀ Àpápá

Mo gbà. Mo fọwọ́ sí i kó kọ ọ́ pé Orlov ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì yí ohun tí mo sọ nípa ooru padà.

Ìyá Àgbà Ṣakí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ ń sọ ti Kúbà, ẹ ò sọ ti ọyẹ́.

Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń pọnmi nígbà tí Faransé yin bọ́ǹbù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní 13 oṣù kejì 1960. Agbára rẹ̀ ju ti Hiroshima lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ilẹ̀ Àlgéríà ni Reggane wà, àwọn ènìyàn sì ń gbé ní àyíká ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣakí mọ bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́ wá bá wa, ó ń gbé eruku Sàhárà dání, ó ń là wá létè. Olùkọ́ wa ṣàlàyé fún wa nílé ìwé pé ohun tí wọ́n bá yìn lọ́hùn-ún, atẹ́gùn lè gbé e wá. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń fi ọpọ́n dé gbogbo ìkòkò omi, ó ń fi aṣọ tútù di etí ilẹ̀kùn. Wọ́n tún yin òmíràn ní December ọdún náà, nígbà tí òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Nínú oṣù kìn-ín-ní 1961, ìjọba Balewa fún aṣojú Faransé ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta péré kó fi kúrò ní Nàìjíríà. Bàbá mi, tí kì í dá sí òṣèlú, pàtẹ́wọ́ nídìí rédíò.

Torí náà, nígbà tí ti Kúbà dé, kì í ṣe ìròyìn ibi jíjìn létí tiwa.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ ti lanu sọ ohun tí ìwé ilé ìwé kì í sọ. Áfíríkà kò kàn káwọ́ gbera wòran nínú ọ̀rọ̀ Kúbà náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà dínà òkun, ẹ̀rù ń bà á pé Sófíẹ́ẹ̀tì lè fi bàálù gbé bọ́ǹbù gba Conakry tàbí Dakar kọjá. Sófíẹ́ẹ̀tì ló bá Gínì tún pápákọ̀ Conakry ṣe, síbẹ̀ Sékou Touré, ààrẹ Gínì, ní rárá, kò sí bàálù wọn tó máa balẹ̀ gba epo níbẹ̀ lọ sí Kúbà. Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl, náà ní rárá. Ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Gánà àti Íjíbítì tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́dún náà jọ gbé àbá kalẹ̀ pé kí U Thant, akọ̀wé àgbà àjọ náà, bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì má ṣe ohun tó máa dá kún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Lánre Agége

Mi ò mọ ti Conakry yẹn rí. Ẹ ṣeun, sà. Mo ṣì dúró lórí pé Khrushchev ló pàdánù jù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè: nínú gbogbo rẹ̀, kí ni Castro sọ? Ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni?

Àbẹ̀kẹ́ Hialeah

Àbúrò, wọn ò bi í. Inú ìròyìn ló ti gbọ́ pé wọ́n máa kó mísáìlì kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Inú bí i burúkú, ó kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní wá yẹ ilẹ̀ Kúbà wò. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ o: òun náà ti kọ̀wé sí Khrushchev ṣáájú, lóru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé yẹn, pé bí Amẹ́ríkà bá fi ẹsẹ̀ tẹ Kúbà, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yin bọ́ǹbù. Ìwé yẹn ló tún dẹ́rù ba Khrushchev.

Mikoyan, igbákejì Khrushchev, ni Moscow rán wá tù ú nínú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Havana ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá nígbà tí ìròyìn ikú ìyàwó rẹ̀ bá a. Ọmọ rẹ̀ ló padà lọ sin ìyá, òun dúró. Bọ́ǹbù kéékèèké ojú ogun ṣì kù ní Kúbà, ó tó ọgọ́rùn-ún, Amẹ́ríkà ò sì mọ̀. Sójà Sófíẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ ju 40,000 lọ, ìyẹn náà Amẹ́ríkà ò mọ iye rẹ̀. Ká ní wọ́n ti fi ipá wọlé bí àwọn ọ̀gágun Kennedy ṣe ń fẹ́! Mikoyan jókòó ti Castro títí ó fi gbà kí gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àkàndé Òkè-Àdó

Ẹ ti là mí lóye. Ohun kan tí mo sọ fún ọmọ mi láàárọ̀ yìí, òun ló dì mú jù. Aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì, Dobrynin, kò ní fóònù tó lè fi bá Moscow sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Tó bá kọ ìròyìn rẹ̀ tán ní àrokò, wọ́n á pe ilé iṣẹ́ tẹligíráàmù, wọ́n á sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan wá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Dobrynin fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn á kàn máa gbàdúrà kó má lọ dúró bá ọmọbìnrin kan tàkúrọ̀sọ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀. Kò mọ ohun tó gbé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri wáyà tààrà láàárín Washington àti Moscow, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé ni, kì í ṣe fóònù pupa tí wọ́n ń fi hàn wá.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, bí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jò ńkọ́?" Mo ní kó kọ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, jọ̀wọ́ bá mi bi màmá yẹn: ìgbà wo ló mọ̀ pé ó ti parí?

Àbẹ̀kẹ́ Hialeah

Mo bi í. Ó ní nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá òun di ìrẹsì, iyọ̀ àti ìṣáná sínú àpò ìrọ̀rí kan, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé bó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kó gbé e, kó sì máa sá lọ sínú oko ìrèké. Nígbà tí rédíò ní ó ti parí lóṣù kẹwàá, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gígùn wọ̀nyẹn ń padà lọ sí èbúté, lójú ọ̀sán báyìí, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ti kúrò lójú òkun, ìyẹn ní 20 oṣù kọkànlá, ló tó sọ ọ́. Kòkòrò ti wọ ìrẹsì náà. Wọ́n ṣà á, wọ́n sì sè é jẹ.